Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin oníbéèsì Èkó: ọrùn Fender kì í ṣe odidi Fender

Ẹ̀yin oníbéèsì tẹ́ ẹ̀ ń wá béèsì (gìtá olóhùn ìsàlẹ̀) tòkunbọ̀ lásìkò yìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lágbègbè Sùúrùlérè, Múṣin, Yábàá àti Ṣómólú, ẹ fara balẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń gbé "Jazz Bass Mexico, London used, ó mọ́ tónítóní" sórí status WhatsApp rẹ̀; Jazz Bass jẹ́ irú béèsì kan tí ilé iṣẹ́ Fender ń ṣe. ₦600,000 ló sábà máa ń kọ́kọ́ pè é, á sì já a wálẹ̀ kíá tó bá ti rí i pé owó wà lọ́wọ́ yín. Béèsì yẹn kì í ṣe ayédèrú látòkèdélẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń mú èèyàn. Ọrùn rẹ̀, Fender ni lóòótọ́. Ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ sí ìkànnì Fender, ọdún tó sọ fún yín náà lẹ máa bá níbẹ̀. Ara tó wà lábẹ́ ọrùn yẹn ni kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀.

Kì í ṣe àhesọ. Mo máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ṣe setup nílé mi ní Bàríga, kí okùn má ga jù, kí intonation (bí ohùn okùn ṣe ń bára mu jálẹ̀ ọrùn) wà níbi tó yẹ, nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé tiẹ̀ wá, ó ní okùn G ń yọ̀ bọ́ kúrò létí fingerboard (pákó orí ọrùn tá a máa ń tẹ okùn mọ́) nígbàkígbà tóun bá fà á. Mo tú ọrùn rẹ̀. Páálí sìgá ni wọ́n ká sábẹ́ rẹ̀ kó lè ga sókè, ìtayín ni wọ́n sì fi dí ihò skrúù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó lu òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni arákùnrin kan tó jẹ́ oníbéèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Èbúté Mẹ́tta gbé tiẹ̀ wá. Ti àkọ́kọ́ pupa, tiẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni: páálí sìgá, ìtayín, ihò méjì-méjì. Àwọn méjèèjì ò mọra wọn rí. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi rà á yàtọ̀ síra, orúkọ yàtọ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ voice note tó wà lọ́wọ́ ara wọn, ohùn kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ orúkọ kankan síbí. Èyí tí mo bá kọ, á ti pààrọ̀ rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Bí Leo Fender, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Fender sílẹ̀, ṣe ṣe béèsì ló mú iṣẹ́ yìí rọ gbájúẹ̀ yẹn lọ́rùn. Látìgbà tí Precision Bass ti jáde ní 1951, skrúù ni wọ́n fi ń de ọrùn mọ́ ara, wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Jazz Bass tó dé ní 1960 náà ò yàtọ̀. Ọrùn tó bá ti tẹ̀, ẹ tú skrúù mẹ́rin, ẹ fi òmíràn sí i, ó parí. Àǹfààní ńlá ni fún wa nílẹ̀ yìí tí oòrùn àti òjò ò jẹ́ kí igi sinmi. Àǹfààní ni fún gbájúẹ̀ náà. Á ra odidi Jazz Bass kan, á tú u: ọrùn lọ sára plywood, ara gidi lọ sábẹ́ ọrùn Ṣáínà, pickup méjèèjì (ohun tó ń gba ohùn okùn lọ sínú wáyà) lọ lọ́tọ̀. Mo mọ ẹni tó ra pickup nìkan lọ́wọ́ rẹ̀, ojúlówó ni wọ́n, inú onítọ̀hún sì ń dùn títí dòní. Òun ò ṣáà mọ béèsì tí wọ́n yọ wọ́n kúrò lára ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, torí ọgbọ́n inú ìdúnàádúrà yẹn le ju ti screwdriver lọ. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ojúẹlẹ́gba lónìí, yàrá ìdánrawò ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní Múṣin lọ́la. Ọjọ́ Sátidé ló fẹ́ràn jù. Láàárọ̀, òun ò tíì ti Ìbàdàn dé. Ní ìrọ̀lẹ́ tí rehearsal ti fẹ́ parí, tí pásítọ̀ ti ń béèrè pé ṣé béèsì máa wà lọ́la, ìgbà yẹn ló máa pè yín pé ẹ máa bọ̀ kíákíá, ẹnì kan tún ń bọ̀ wá wò ó. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, béèsì ti wà lórí àǹpù. Ó ti gbé bass sókè dópin, ó ti fi compressor (ẹ̀rọ tó ń mú kí ohùn dọ́gba) sí i, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ fi dárà fún yín. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o, ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ béèsì ta. Tó bá ti wọ seben, apá orin Kóńgò tó máa ń gbóná, báyìí, orí yín á wú, ẹ ò ní rántí yí ẹ̀yìn béèsì wò. Tẹ́ ẹ bá ní kí ó jẹ́ kí ẹ ta á fúnra yín láìsí compressor, iná ti fẹ́ lọ nìyẹn, tàbí epo jẹnẹrétọ̀ ti tán. Tẹ́ ẹ bá mú screwdriver jáde, á ní warranty máa bàjẹ́. Warranty wo, lórí tòkunbọ̀?

Owó ńkọ́? Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì kì í ṣe orúkọ tó ń jẹ́. Ìyàwó òun ni, tàbí ẹ̀gbọ́n tóun pẹ̀lú ẹ̀ jọ ń kó ẹrù wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá pè é padà, ẹ̀yin lẹ ti bà á jẹ́, ṣebí ẹ tẹ́sìtì ẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti blọ́ọ̀kù yín.

Ohun tẹ́ ẹ máa mú dání kò wọ́n: tépù télọ̀, screwdriver kékeré kan, wáyà tiyín, àti tuner orí fóònù (áàpù tó ń sọ bóyá ohùn okùn pé). Tépù yẹn gan-an ni alákòóso. Láti nut (ibi tí okùn ti wọ orí ọrùn) dé bridge (irin tó di okùn mú lára béèsì), ínǹṣì 34 ni Jazz Bass, fret (irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn) kejìlá sì ni ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n láti nut dé orí fret kejìlá: 17 ni. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láti fret kejìlá dé orí saddle okùn G (irin kékeré orí bridge tí okùn jókòó lé): kó jẹ́ 17, tàbí kó fi bín-ń-tín lé e. Saddle okùn E máa sún sẹ́yìn ju ti G lọ díẹ̀, torí okùn yẹn nípọn, ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni tẹ́ ẹ bá rí saddle tí wọ́n ti yí títí tó fi dópin, síbẹ̀ tí iye rẹ̀ ò pé tàbí tó lé jù. Ẹni tó kan bridge yẹn, ojú lásán ló fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fi tuner dán an wò: ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ lórí fret kejìlá kó dún bí agogo, lẹ́yìn náà ẹ tẹ fret yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ tún ta á. Ohùn kan náà ló yẹ kí tuner sọ. Ti arákùnrin Èbúté Mẹ́tta, òkè ló fi ń lọ. Òun ti ń bá onikíbọ́ọ̀dù wọn jà láti ọjọ́ yìí wá pé kíbọ́ọ̀dù ni kò wà lóhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo okùn láti òkè. E àti G gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí fingerboard bákan náà. Tí ọ̀kan bá ti fẹ́ jábọ́, ọrùn àti ara yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Tó bá gbà kí ẹ ṣí i (kò ní gbà), ẹ tú irin pẹlẹbẹ tí volume méjì àti tone wà lórí rẹ̀. Player Jazz Bass tí Fender bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Mexico ní 2018, igi alder ni ara rẹ̀. Igi gidi lẹ máa bá nínú ihò yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i ní ìpele-ìpele, plywood ni. Tí ọ̀dà bá bo inú ihò, ẹ wo inú ihò skrúù, ọ̀dà kì í dé ibẹ̀. Pickup rẹ̀, alnico 5 (irú mágnẹ́ẹ̀tì kan) ni: irin róbótó mẹ́jọ tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn fúnra wọn ni mágnẹ́ẹ̀tì. Nínú pickup olówó pọ́ọ́kú, irin lásán ni wọ́n, mágnẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn nísàlẹ̀. Player lásán, tí kì í ṣe Player Plus, kì í lo bátìrì. Tó bá ní bátìrì ló kú ni kò jẹ́ kó dún dáadáa, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Nọ́ńbà orí ọrùn ńkọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kò léèwọ̀. MX ni Mexico, US ni Amẹ́ríkà, fígọ̀ méjì tó tẹ̀ lé e sì ni ọdún, bíi MX19 fún 2019. Ṣùgbọ́n ọrùn nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń jẹ́rìí fún. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé tí ìkànnì bá ti ní 2019, a ti fi owó ránṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ni mò ń pariwo lé lórí, ṣebí béèsì alápapọ̀ náà ń dún. Ó ń dún o. Mo ti gbọ́ béèsì tí wọ́n kó ara rẹ̀ jọ láti ibi mẹ́rin tó dùn ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Tó bá sọ fún yín pé alápapọ̀ ni, tó sì gba owó alápapọ̀, òwò ni. Owó odidi ló ń gbà. Lójú tèmi, odidi Squier, tó jẹ́ ọmọ inú ilé Fender náà, tàbí Yamaha TRBX174 tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú rí, sàn ju ìlàjì Fender lọ fún ẹni tó fẹ́ máa ta á ní Sunday-Sunday. Tìtorí orúkọ orí yẹn la ṣe ń kó sí i lọ́wọ́. Ìjọ ò rí i láti ìdí ìlù lọ́hùn-ún.

Nǹkan míì tún wà tí mi ò fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Níbo ló ti ń rí odidi tó ń tú? Mi ò lè fẹ̀sùn kàn án, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti jí ohun èlò orin kó lóru. Ẹ bi í léèrè ibi tí béèsì ti wá, kí ẹ sì fi ìdáhùn rẹ̀ pamọ́ sórí WhatsApp. Ẹni tó gbépo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, ọlọ́pàá náà sì mọ òwe yẹn.

Ohun kan wà tó máa ń lé e sá: ẹ ní kó kọ rìsíìtì, kí ó kọ ọ́ gedegbe pé "Fender Player Jazz Bass, ara, ọrùn àti pickup, gbogbo rẹ̀ ojúlówó", kí ó buwọ́ lù ú pẹ̀lú orúkọ tó bá ti àkáǹtì mu. Ẹnì kan nínú wa ní Ṣómólú bi í bẹ́ẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ mú bírò. Wọ́n ṣì ń retí bírò náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ má tíì tú u. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ pe ẹlẹ́rìí kan, kí ẹ wá máa ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú skrúù kọ̀ọ̀kan, kó má bàa ní ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ ara rẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ orí WhatsApp rẹ́, bó ti wù kí inú bí yín tó. Ẹ gba statement ní báńkì tó fi orúkọ ẹni tí owó wọlé fún hàn. Kóòtù Small Claims wà ní Èkó láti 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ẹ máa kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i láti béèrè owó yín, ẹ lè dá ro ẹjọ́ yín láìgba lọ́yà, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì là kalẹ̀ láti fi parí ẹjọ́. Ẹni tó ni àkáǹtì lẹ máa kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ì báà jẹ́ ìyàwó, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún lè mú un lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbèjà oníbàárà. Tó bá sì di ti ọlọ́pàá, òfin 2006 lórí jìbìtì gbígba owó ò ṣeré: ọdún méje ló kéré jù, kò sí owó ìtanràn dípò rẹ̀. Ẹ má kó àwọn bọ́ìsì àdúgbò lọ bá a o. Tí wọ́n bá fọ́ béèsì yẹn mọ́ ọn lórí, ẹ̀rí yín ló fọ́ yẹn.

Ẹ fi voice note rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi tó bá wà lọ́wọ́ yín. A ti ń kó wọn jọ, kí ẹni tí wọ́n bá pè ní Sátidé tó ń bọ̀ lè gbọ́ ohùn náà kó tó wọ mọ́tò.