Ẹ ṣọ́ra o! Bátìrì lithium ayédèrú ti kún ìgboro

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi sólà gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró níbi tí iná ìjọba ò dé, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, inú sì ń bí mi dé èékánná.

Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wá láti sátẹ́láìtì, là ń lò lábúlé wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Bátìrì lithium 12V 100Ah ni mo rà l'Ékòó, ₦320,000, kó lè bá wa gbé e di òwúrọ̀. Ìṣirò ẹ̀ ò le: volt (V) 12 lọ́nà amp-hour (Ah) 100, watt-hour 1,200 nìyẹn, ìyẹn iná tó lè gbà pamọ́. Tí Starlink bá ń jẹ watt 75, ká yọ ti ínfátà kúrò, ó yẹ kó lò tó wákàtí 14. Tèmi ò bá wa dé ìròyìn agogo mẹ́sàn-án! Mo ní bóyá páńẹ́lì dọ̀tí ni, wọ́n gun òrùlé, wọ́n nù ún. Iná kú. A pààrọ̀ wáyà. Iná tún kú!

Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi. Ẹni tó ń sọ pé "Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, ojúlówó ni" lọ́jọ́ tó fẹ́ gbowó, òun náà ló ní mo lò ó nílòkulò. Èmi! Mo ní kó wá gbé ọjà ẹ̀, ló bá dí nọ́ńbà mi lórí WhatsApp.

Ọmọ àbúrò mi bá tú u. Bátìrì láptọ́ọ̀pù àlòkù wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì pọ̀, àwọn kan ti dógùn-ún. Nísàlẹ̀, wọ́n rọ kọnkéré sí i kó lè wúwo. Kọnkéré! ₦320,000 ni mo fi ra búlọ́ọ̀kù!

Àwọn kan ti ń bi mí pé ṣé mi ò wò ó dáadáa ni. Kí ni ẹ fẹ́ kí n wò? Páálí tuntun ni, wárántì ọdún márùn-ún wà nínú ẹ̀. Lóòótọ́, kò fún mi ní rìsíìtì, ó ní ìwé ti tán. Ìyẹn ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ṣé torí pé èèyàn ò gba rìsíìtì ni wọ́n ṣe máa ta kọnkéré fún un?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n so nǹkan tẹ́ ẹ mọ watt ẹ̀ mọ́ bátìrì yẹn níṣojú yín, kẹ́ ẹ jókòó tì í fún wákàtí mélòó kan. Tó bá kọ̀, ẹ máa lọ. Páńẹ́lì pẹ̀lú: 300W kì í ṣe ohun téèyàn ń há sábíyá, ó máa ń fẹ̀ tó mítà kan, ó sì ga jùyẹn lọ. Ẹ má sanwó sí àkáǹtì tí kò bá orúkọ ṣọ́ọ̀bù mu.

Olè ni gbogbo wọn lójú mi báyìí. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó máa jẹ́ kí n tú bátìrì wò kí n tó sanwó, ẹ sọ fún mi. Ìyẹn tó bá wà.