Ẹ ṣọ́ra fún oní-sípíkà tó ń lu ojúlówó fúnni gbọ́, tó ń di ayédèrú fúnni gbé lọ

Ẹ̀yin DJ ẹgbẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi sípíkà háyà fún ìsọmọlórúkọ, ẹ̀yin olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà nígboro wa yìí tó ń ta sípíkà kékeré, irú èyí tí àńpílífáyà ti wà nínú ikùn rẹ̀, tó jẹ́ pé iná àti wáyà orin nìkan lẹ máa so mọ́ ọn. Èyí tó ń lù fún yín gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló máa dì fún yín. ₦380,000 ló gbà lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wà níwájú àwọn àgbà ọjà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe é, màá sọ ọ́ tán pátá, kí ẹni tó bá bá a pàdé lè tètè dá a mọ̀.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mi, àdúgbò Under-G àti Adénikẹ̀ ló wà. Ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH nínú pálọ̀, ìsọmọlórúkọ láàárọ̀ Sátidé, ilé ọtí tí kò lè gbà ju ọgọ́ta èèyàn lọ. Àpótí ńlá méjì oní íǹṣì 15 ni mo ń gbé kiri tẹ́lẹ̀, àńpílífáyà wọn lọ́tọ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá lọ́tọ̀. Kí n tó san owó mọ́tò àti owó epo, èrè ti lọ. Mo wá ń wá èyí tí mo lè gbé méjèèjì sínú Márúwá, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré máa gbé láìmí gúlegúle. Ìgbà yẹn gan-an ni mo rí ìpolówó rẹ̀ lórí WhatsApp: íǹṣì 12, 2000 wáàtì, méjì-méjì, owó pọ́ọ́kú.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, méjì wà lórí irin, ó ti tan iná sí wọn. Ó ní kí n mú fìláàṣì mi wá, èmi fúnra mi ni mo kì í bọ̀ ọ́. Ohùn ìlù kọjá láyà mi. Ohùn akọrin mọ́ kedere, kò hó, kò ya. Ó ní, “Àbúrò, ṣé ẹ gbọ́ ọ?” Mo ní, “Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n.” Ó ní àná ni kọ̀ǹténà wọlé, pé tó bá di ọ̀la, owó ti yí. Mo ní kó kúkú bá mi sọ méjì tó wà lórí irin yìí kalẹ̀. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni pàkúté wà. Ó ní, “Rárá o, èyí ti gbó lọ́wọ́ mi, oṣù mẹ́fà ni mo ti ń fi polówó. Tuntun tó wà nínú páálí ni kí ẹ gbé.” Ṣé ẹ rí i? Ojúure ni mo kà á sí. Mo wá ní kí á tú ọ̀kan, kí á dán an wò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé téèpù orí páálí náà, ó ní bí a bá ti ya á pẹ́nrẹ́n, wáráńtì ti bàjẹ́ nìyẹn, àwọn tó kó o wá láti Èkó kò ní gbà á padà lọ́wọ́ òun.

Mo sanwó. Orúkọ tó jáde lórí àkáǹtì tó fún mi kì í ṣe orúkọ tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní ti ìyàwó òun ni.

Ìsọmọlórúkọ ni mo kọ́kọ́ gbé wọn lọ, èèyàn bí àádọ́ta, àgbàlá tí wọ́n ta tàpólì bò. Láti orin àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ohùn náà ń dún bí ìgbà tí rédíò bá wà nínú garawa. Mo gbé e sókè díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Kò tó wákàtí kan, èyí tó wà lápá òsì dákẹ́, òórùn rọ́bà tó jóná gba gbogbo ibẹ̀. Ìyá àgbà ọmọ náà, ẹni tó ti múra láti jó, yíjú sí mi, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ó ti tán nìyẹn?” Bàbá ọmọ kò béèrè owó rẹ̀ padà o, èmi ni mo ka ìdajì rẹ̀ lé e lọ́wọ́, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa sọ ọmọ yẹn lórúkọ láyé.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí títún ẹ̀rọ ohùn ṣe ní Sábó. Ó tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ọ̀kan, ó fa sípíkà náà jáde. Pépà iwájú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, íǹṣì 12 ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òòfà ẹ̀yìn rẹ̀ kò tóbi ju ìdérí agolo mílíìkì lọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú họ́ọ̀nù tó wà lókè, ibi tí ohùn tín-ín-rín ti yẹ kó máa jáde. Ike lásán ni, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ pẹlẹbẹ kan bíi kọ́bọ̀, irú èyí tó máa ń ké nínú aago tábìlì. Ti èkejì tilẹ̀ burú jù, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn họ́ọ̀nù tirẹ̀ rárá. Bàbá wá ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó fi irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan nǹkan kan níbẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ó ní, “Sìmẹ́ńtì rèé, ọmọ mi.” Wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. A gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n obìnrin tó ń ta ẹja dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó lé díẹ̀ ní kílò mẹ́rin. Wọ́n mọ̀ pé a máa ń gbé sípíkà wò kí á tó rà á, pé èyí tó bá wúwo la máa ń pè ní ojúlówó. Torí náà ni wọ́n ṣe di sìmẹ́ńtì sínú àpótí méjèèjì.

Bàbá tún yọ fíúsì kékeré tó wà létí ibi tí wáyà iná ń wọ̀. Ámpíà 1 ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ní iná tiwa, fóòtì 230 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ fi 1 sọ 230 di púpọ̀, wáàtì 230 ni. Gbogbo iná tó lè máa wọlé láìdúró kí fíúsì tó já kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ni 2000 wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí fẹ́ ti wá?

Ọ̀rọ̀ wáàtì yìí ni wọ́n fi ń rí wa mú jù. Èyí tó ṣe é gbára lé ni èyí tí wọ́n kọ “RMS” tàbí “continuous” sí, ìyẹn agbára tí àpótí náà lè máa gbé lọ láìsinmi. Èyí tí wọ́n pè ní “peak”, ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń ga tó bẹ́ẹ̀. Ní ti “PMPO”, ẹ má tilẹ̀ ka iye tí wọ́n bá kọ síwájú rẹ̀. Ẹ wo Yamaha DBR10, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Íǹṣì 10 ni, kílò 10.5 ló wọ̀n. 700 wáàtì ni wọ́n kọ pé ó lè fò dé, ṣùgbọ́n 325 ni wọ́n kọ pé ó lè máa gbé láìdúró. Iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ 325, ayédèrú owó pọ́ọ́kú wá kọ 2000! Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: bí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dB 3 péré (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) ni ohùn fi ń ga sí i, etí kò sì ní sọ pé ó ti di méjì. Nítorí náà, sípíkà 300 wáàtì gidi kò jìnnà sí ti 600 bí ẹ ṣe rò, kò sì sí ìdí láti máa sáré lé òǹkà tó wà lára páálí.

Ìwúwo náà, ẹ má fi yan sípíkà mọ́. Àwọn ojúlówó òde òní míì ń lo òòfà neodymium, tó fúyẹ́ gan-an, tó sì lágbára ju àwọn ńlá dúdú àtijọ́ lọ.

Bí ẹ bá bi mí, fún pálọ̀, fún àgbàlá kékeré, fún ilé ọtí bíi ti Under-G, méjì oní íǹṣì 10 tó dára ti tó. Íǹṣì 8 dára fún ọ̀rọ̀ sísọ àti orin jẹ́ẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n fújì àti amapiano máa tú àṣírí rẹ̀, ìlù ìsàlẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Ojúlówó tòkunbọ̀ tí ẹ rí inú rẹ̀ sàn ju tuntun tí wọn kò jẹ́ kí ẹ tú lọ, mo sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ẹ má sì fi jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé e láìsí stabilizer, nítorí iná rẹ̀ máa ń fò sókè nígbà tí ẹlòmíì bá yọ fìríìjì tàbí fáànù kúrò lórí rẹ̀ lójijì.

Mo gbé ẹrù padà lọ bá ọkùnrin tó tà á fún mi. Kò wo inú àpótí, kò wo sìmẹ́ńtì tí mo gbé kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní, “Jẹnẹrétọ̀ yín ló jó o.” Ó tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, níbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í dá owó rẹ̀ padà. Ohun tó sì kọ sókè kò ju “sípíkà 2” lọ, kò sí orúkọ iléeṣẹ́, kò sí nọ́ńbà. Kí ẹ mọ̀ pé òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ ọjà wò kí á tó rà á, ó sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá èyí tó lábùkù padà. Gbólóhùn tó tẹ̀ sórí ìwé yẹn kò lè gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ yín. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tó bá yín sọ lórí WhatsApp rẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti ń béèrè kiri, mo ti rí ẹni mẹ́ta míì. Ìyá kan tó ń fi kánópì àti àga háyà, tó fẹ́ fi sípíkà kún ọjà rẹ̀. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan tó dá owó fún oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó rà á. Ọmọdékùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ DJ. Òun ni ọkùnrin náà tilẹ̀ pààrọ̀ páálí fún. Nígbà tó délé tó tú u, sìmẹ́ńtì náà ló tún bá níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ rà, níbi yòówù kó jẹ́, àpótí tí ẹ máa gbé lọ sílé gan-an ni kí wọ́n tan iná sí, lójú yín. Ẹ mú wáyà tiyín àti orin tiyín lọ. Ẹ lù ú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kó ga bí ẹ ṣe máa lò ó lóde iṣẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú họ́ọ̀nù. Ẹ wo fíúsì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ iléeṣẹ́ náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí lẹ́tà kan péré ni wọ́n yí padà lára tèmi, mi ò sì rí i títí di ọjọ́ tí bàbá Sábó fi ọwọ́ hàn mí. Bí ẹni tó ń tà á bá ní wáráńtì máa bàjẹ́ tí ẹ bá tú u, ẹ dìde, ẹ máa lọ.

Sìmẹ́ńtì méjèèjì ṣì wà lórí tábìlì mi. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó kọ̀wé sí mi, màá júwe ilé. Ẹni tó bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin yìí, kó mú rìsíìtì rẹ̀ wá kó tó di ọjọ́ Àìkú, nítorí àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa tún jọ lọ bá bàbálọ́jà. Àwa mẹ́rin la ti wà báyìí.