Eérú, funfun, dúdú àti onílà: iye tí àwọ̀ òkúta quartz ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ilé ìdáná ṣe

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá òkúta tí a ó tẹ́ sórí kọ́ńtà ilé ìdáná wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì wọ ilé ìtajà mẹ́ta kí n tó sanwó: ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan ní Ìlọrin, ọ̀kan ní Ìbàdàn. Nínú gbogbo ohun tí mo bi àwọn olùtajà, ti àwọ̀ ni mo pẹ́ jù kí n tó rí ìdáhùn gidi sí: èé ṣe tí òkúta kan náà, tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, tí wọ́n sì nípọn bákan náà, fi ń wọ́n ju ara wọn lọ nítorí àwọ̀ nìkan? Mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ nítorí pé iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta lára kọ́ ni iye tí àwọ̀ rẹ̀ yóò gbà lọ́wọ́ ènìyàn níkẹyìn.

Quartz tí wọ́n ń tà fún wa kì í ṣe òkúta tí wọ́n gé lódidi láti inú ilẹ̀ bíi gíránáìtì. Wọ́n máa ń lọ òkúta quartz, wọn a fi oje oníke àti àwọ̀ pò ó, wọn a wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí yóò fi le. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni òkúta, ìyókù ni oje àti àwọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn pò, gẹ́gẹ́ bí aláró ṣe ń po aró, ibẹ̀ sì ni iye owó ti ń yàtọ̀. Eérú gba òkúta tí kò mọ́ tónítóní, nítorí pé bí ìpara irin bá wà nínú rẹ̀, àwọ̀ eérú yóò bò ó. Funfun kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé irin díẹ̀ a máa sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀, nítorí náà òkúta tó mọ́ jù lọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Ti onílà tún yàtọ̀: funfun ni, ṣùgbọ́n wọ́n fa ilà sí i kí ó lè jọ mábù tí wọ́n ń pè ní Calacatta, èyí tí wọ́n ń wà ní agbègbè Carrara ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Nínú èyí tó dára, ilà náà wọ inú òkúta lọ. Nínú èyí tí kò dára, orí nìkan ló wà, bí wọ́n bá sì ti gé etí rẹ̀, ènìyàn yóò rí i pé ilà náà parí lójijì sí etí kọ́ńtà.

Ní oṣù tí mo rà á, iye tí ilé ìtajà ti Ògbómọ̀ṣọ́ pè fún mi lórí abala kan, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3.2, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.6, tí nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, nìyí: eérú oníwóro ₦480,000, funfun tí kò ní ilà ₦560,000, dúdú kirikiri ₦590,000, dúdú tí wọ́n fọ́n èérún dígí sí ₦640,000, funfun onílà ₦880,000. Ìlọrin fi ₦15,000 dín sí i lórí abala kọ̀ọ̀kan, Ìbàdàn sì fi nǹkan bí ₦30,000 dín. Ṣùgbọ́n abala kan wúwo tó nǹkan bí kílò 240, ó sì lè là bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Àwọn ti Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló gbà pé bí ó bá fọ́ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ tán, àwọn ni yóò rà á padà. Ìlérí yìí tó ₦15,000 lójú mi, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ kò sí lára iye wọ̀nyí. Kọ́ńtà wa yà ní kọ̀rọ̀: apá kan jẹ́ mítà 3, èkejì jẹ́ mítà 2.4, ìbú wọn sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. Bí ènìyàn bá ṣírò rẹ̀, kò ju mítà onígun-mẹ́rin 3.24 lọ, abala kan sì ju mítà onígun-mẹ́rin 5 lọ. Nítorí náà abala kan tó fún eérú, funfun aláìnílà tàbí dúdú, yóò sì tún ṣẹ́kù. Nígbà tí mo nàka sí onílà, olùtajà náà fa bébà rẹ̀ jáde, ó ya kọ̀rọ̀ kọ́ńtà wa síbẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, tí a bá gé e lára ẹyọ kan, ilà apá ọ̀tún á máa lọ síwájú, ti apá òsì á dábùú. Ojú yín ò ní gbà á.” Kí ilà náà tó lè bá ara wọn pàdé ní kọ̀rọ̀, wọ́n ní láti gé apá kejì lára abala mìíràn tí ilà rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, wọn yóò sì gba ₦25,000 sí i lórí iṣẹ́ ìsopọ̀.

Owó iṣẹ́ gígé, lílu ihò síǹkì àti dídán etí jẹ́ ₦110,000 fún àwọ̀ èyíkéyìí. Pẹ̀lú èyí, eérú yóò jẹ́ ₦590,000, onílà yóò sì jẹ́ ₦1,895,000. Lórí àtẹ, onílà kò tó ìlọ́po méjì eérú. Nínú ilé ìdáná wa, ó ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ẹni tí kọ́ńtà tirẹ̀ bá lọ tààrà láìyà kò ní san owó abala kejì yìí, mo sì rò pé òun nìkan ni onílà tọ́ sí.

Kí n tó pinnu, mo gba èérún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó tó àtẹ́lẹwọ́, mo gbé wọn relé. Mo fi epo pupa, ata ilẹ̀ pupa tí mo pò mọ́ omi, àti oje máńgòrò kán wọn lára, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di àárọ̀. Eérú mọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan tí mo fi aṣọ tútù nù ún. Lára funfun, epo àti máńgòrò kúrò, ṣùgbọ́n ata ilẹ̀ pupa fi àmì róbótó kan sílẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú bí ibi tí wọ́n gbé ife tíì sí. Ọṣẹ ìfọwo àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó lọ. Dúdú kò gba àbàwọ́n kankan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ku láfún nítòsí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ hàn, ìka mi tí epo wà lára hàn, ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá sì funfun bí ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ilé tí wọ́n ti ń ro ọkà lójoojúmọ́ kò yẹ kí ó ra dúdú, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó nínú ilé ìtajà.

Mo tún kán oje ọsàn wẹ́wẹ́ sí wọn lára. Quartz kì í bìkítà fún un. Èérún funfun onílà kan tí mo gbà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtajà náà, tí iye rẹ̀ rọ̀ mí lọ́rùn, ni ojú rẹ̀ ṣú níbi tí oje náà kàn. Mábù gidi ni wọ́n ń tà lórúkọ quartz, ata àti tòmátì ìbá sì ti jẹ ẹ́ kí ọdún tó yí.

Eérú ni mo rà. Iṣẹ́ àwọn tó tẹ́ ẹ mọ́ tónítóní, ojú ìsopọ̀ kọ̀rọ̀ kò sì hàn àfi bí ènìyàn bá fi èékánná wá a. Ẹ̀sùn kan ni mo ní sí wọn, ó sì wúwo lọ́kàn mi. Nígbà tí mo dé àgbàlá, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì ń fi ẹ̀rọ gé òkúta náà ní gbígbẹ, wọn kò bo imú, eruku funfun sì ti bo ìpéǹpéjú wọn. Eruku quartz a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa dá ọgbẹ́ síbẹ̀ tí kì í jinná. Nítorí rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè Ọsirélíà fi fòfin de ṣíṣe irú òkúta yìí, títà á àti títẹ́ ẹ láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024. Mo dá wọn dúró, mo ní kí wọ́n máa bu omi sí i bí wọ́n ti ń gé e, mo sì ra ìbòmú fún wọn. Ọ̀gá wọn ní omi yóò fa iṣẹ́ gùn di ọjọ́ kejì, ó gba ₦15,000 sí i, mo sì san án. Ó yẹ kí owó yìí wà nínú iye tí wọ́n ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ yòówù kí ènìyàn rà.

Ní ti iná, kò sí àwọ̀ kankan tó fara dà á bíi gíránáìtì, nítorí pé oje inú rẹ̀ a máa bàjẹ́ bí ooru bá ti tó nǹkan bí ìwọ̀n 150 ní Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Lára funfun, ibi tó bá jóná yóò pọ́n, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí. Òṣùká méjì ni ìyá mi gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìkòkò ọkà kò sì tíì kan òkúta náà láti ìgbà yẹn. Èyí tó ṣẹ́kù lára abala ni wọ́n fi ṣe etí ògiri, ìyókù sì wà lábẹ́ kúlà omi.