Ilé-ìkàwé tàbí ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀: ibo ni kí a kọ́kọ́ yà sí ní Àjàṣẹ́?

Ará Kétu tí ó bá wá sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, láti wádìí ìtàn ìlú rẹ̀ yóò bá ilé méjì níbẹ̀: Ilé-ìkàwé Orílẹ̀-èdè Benin, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, àti Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè, tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914.

Ilé-ìkàwé ni ó rọrùn jù. Ìwé tí a ti tẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti to ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ fún wa, títí kan bí ogun Dàhòmì ṣe fọ́ Kétu ní 1886.

Ilé ìpamọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn àti lẹ́tà tí àwọn aláṣẹ Faransé kọ ránṣẹ́ láti agbègbè wọn ni a ń bá níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni yóò sì gbé e wá lẹ́yìn tí a bá ti kọ ohun tí a ń fẹ́ sílẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, orúkọ àwọn baba wa sì lè dàrú nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò fi pè é sókè kí ó tó dá a mọ̀. Síbẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni ó kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀gá ni ó fi wò ó.

Ẹni tí ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó lọ sí ilé-ìkàwé. Ẹni tí ó ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ó kàwé níbẹ̀ ná, kí ó tó lọ béèrè fáìlì.