Ìfiwéra àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ táyà àti irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú wọn: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ra sẹ́ńsọ̀ táyà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fún ọkọ̀ bí afẹ́fẹ́ táyà ṣe pọ̀ tó, mọ̀ ni ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbà dá sẹ́ńsọ̀ náà mọ̀. Mo ti rí ẹni tó ra sẹ́ńsọ̀ tuntun mẹ́rin, tó sanwó pé kí wọ́n tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n sì dá wọn padà, tí iná ìkìlọ̀ kò sì kú lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nítorí pé kò sí irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó lè fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀ náà han kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Sẹ́ńsọ̀ náà dára, ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ara wọn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n yan irinṣẹ́ kí wọ́n tó yan sẹ́ńsọ̀.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ kọ́kọ́ wo bí iná ìkìlọ̀ yín ṣe ń tàn. Bí ó bá tàn tí ó sì dúró gbọn-in, afẹ́fẹ́ ló dín nínú táyà kan, ó kéré tán. Géèjì àti pọ́ǹpù ni ẹ nílò. Bí ó bá ń tàn tí ó ń kú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan tàbí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí ẹ tan ọkọ̀, kí ó tó wá dúró, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́ níbì kan, bóyá bátìrì sẹ́ńsọ̀ kan ló ti kú. Otútù náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: ní ìwọ̀n 5 tàbí 6 lórí Celsius tí ojú ọjọ́ bá fi tutù sí i, nǹkan bíi 1 psi (ìwọ̀n tí géèjì fi ń ka agbára afẹ́fẹ́) ni afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń fi dín, nítorí náà iná náà lè tàn ní òwúrọ̀ kí ó sì kú ní ọ̀sán láìjẹ́ pé ìṣó kankan gún táyà.

Èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ àti èyí tó ń ka yíyí táyà

Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ táyà, tí a mọ̀ sí TPMS, yìí. Nínú oríṣi kìíní, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà nínú rímù kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìdí fáàfù, ó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó àti bí inú táyà ṣe gbóná tó, ó sì ń fi ohun tó rí ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lórí ìgbì rédíò. Oríṣi kejì kò ní ohunkóhun nínú táyà. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ABS tó ti wà nídìí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fún iṣẹ́ bíréèkì ló ń lò láti mọ bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, yóò sì máa yí kíákíá ju àwọn yòókù lọ kí ó tó lè bá wọn rìn dọ́gba. Ìyàtọ̀ yẹn ni kọ̀ǹpútà ń rí tí ó fi ń tan iná.

Ìrọ̀rùn ni àǹfààní oríṣi kejì: kò ní bátìrì tí yóò kú, kò sì sí ohun tí fọkanáísà lè fi irin ṣẹ́ nígbà tó bá ń tú táyà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún táyà ní afẹ́fẹ́ tàbí tí ẹ bá pààrọ̀ táyà ni ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣètò láti orí bọ́tìnnì tàbí ojú ìwòran ọkọ̀, bí ẹ bá sì ṣe é nígbà tí afẹ́fẹ́ kò pé, ìwọ̀n tí kò pé yẹn ni yóò gbà gẹ́gẹ́ bí èyí tó tọ́. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò lè rí i bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń dín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé kò sí èyí tó yàtọ̀ sí èkejì; àwọn ti òde òní máa ń ṣàyẹ̀wò bí táyà ṣe ń gbọ̀n pẹ̀lú, èyí sì mú kí wọ́n sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi fara mọ́ oríṣi kìíní, nítorí pé ohun tó wà nínú táyà gan-an ló ń sọ. Àbùkù rẹ̀ ni bátìrì tí wọ́n dì pa mọ́ inú sẹ́ńsọ̀, tó máa ń lo nǹkan bí ọdún 5 sí 10, tí a kò sì lè pààrọ̀ lásán. Bí ó bá ti kú, odidi sẹ́ńsọ̀ ni ẹ máa rà.

Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ní ẹ̀rọ yìí. Porsche 959 ló kọ́kọ́ ní i ní 1986. Amẹ́ríkà ṣòfin lórí rẹ̀ ní 2000, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní i. Ní Yúróòpù, ó di dandan fún irúfẹ́ ọkọ̀ tuntun láti oṣù kọkànlá ọdún 2012, àti fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti oṣù kọkànlá ọdún 2014. Ohun kan wà nínú òfin Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ kí gbogbo olùrà fi sọ́kàn: ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín ni iná gbọ́dọ̀ tàn. Bí bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ bá sọ pé 32 psi ló yẹ táyà yín, iná lè má tàn títí yóò fi kù sí 24 psi, táyà náà yóò sì ti máa gbóná, tí yóò ti máa jẹ léteetí, kí ẹ tó gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí tó lè gba ipò géèjì ọwọ́.

Fún ọkọ̀ tí kò ní i rárá, àwọn kan wà tí a máa ń dè sórí fáàfù níta bí ìdérí, pẹ̀lú ojú ìwòran kékeré tí a máa gbé síwájú awakọ̀. Ọwọ́ ẹni lè fi wọ́n sí, ẹ sì lè pààrọ̀ bátìrì wọn nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wúwo lórí fáàfù, olè lè yọ wọ́n, afẹ́fẹ́ sì lè máa jò lábẹ́ wọn bí rọ́bà inú wọn bá gbó. Bí fáàfù yín bá jẹ́ ti rọ́bà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ti irin rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó lò wọ́n.

Sẹ́ńsọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, tàbí èyí tí a máa ń kọ nǹkan sí?

Èyí tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe kò nílò ìkọ̀wé kankan, kí a fi í han ọkọ̀ nìkan ló kù. Èyí kejì máa ń wá lófìfo, irinṣẹ́ ni a fi ń kọ èdè ọkọ̀ kan pàtó sí i nínú. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí ẹ sì mọ nọ́ńbà ẹ̀yà sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ ni kò ní fún yín ní wàhálà. Fún ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀ oríṣiríṣi, òfìfo ló dára jù, pàápàá nítorí pé a lè kọ nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ sí tuntun. Ọkọ̀ yóò rò pé èyí tí òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, kò sì ní sí ìdí láti tún fi í hàn án. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí wọ́n tó tú táyà, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ tí irin bá fọ́ kì í sọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́.

Ìgbì rédíò ni ohun tó ń da olùrà láàmú jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ń lo 315 MHz, àwọn ti Yúróòpù sì ń lo 433 MHz, ṣùgbọ́n ọkọ̀ 433 wà ní Amẹ́ríkà náà. Ẹ má ṣe gbára lé orúkọ ọkọ̀ nìkan. Ọjà tí wọ́n ṣe é fún ni ẹ gbọ́dọ̀ wádìí. Sẹ́ńsọ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ mu, kò sí irinṣẹ́ tó lè mú kí ọkọ̀ náà gbọ́ ọ.

Fáàfù rọ́bà àti fáàfù alumíníọ̀mù wà fún sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyí. Ti alumíníọ̀mù le, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ki abẹ́rẹ́ fáàfù onídẹ lásán bọ inú rẹ̀, irin méjèèjì yóò jẹ ara wọn títí wọn yóò fi lẹ̀ mọ́ra, fáàfù yóò sì ṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́. Èyí tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò ni kí ẹ lò. Bákan náà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tú táyà ni ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, nọ́ọ̀tì, abẹ́rẹ́ àti ìdérí fáàfù. Ohun kékeré ni wọ́n, wọ́n sì máa ń tà wọ́n pọ̀ nínú páálí kan.

Irinṣẹ́

Àwọn ọkọ̀ kan kò nílò irinṣẹ́, ẹ ó kàn wa wọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni wọn yóò sì mọ sẹ́ńsọ̀ tuntun fúnra wọn. Irinṣẹ́ tó rọrùn jù lẹ́yìn èyí ni kékeré tó ń jí sẹ́ńsọ̀ nìkan, tó ń fi ìgbì 125 kHz sọ fún un pé kí ó sọ̀rọ̀. Ó tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ General Motors: ẹ ó mú ọkọ̀ wọ ipò ẹ̀kọ́, ẹ ó wá jí táyà iwájú lọ́wọ́ òsì, iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ tó parí sí ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, fèrè ọkọ̀ yóò sì máa dún bí ó ṣe ń mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín bóyá bátìrì ti ń kú, kò sì lè kọ ohunkóhun sí sẹ́ńsọ̀ òfìfo.

Irinṣẹ́ ọlọ́wọ́ tó ga ju èyí lọ, irú èyí tí Autel, ATEQ àti Bartec ń ṣe, máa ń ka nọ́ńbà, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ àti ipò bátìrì, ó sì ń kọ nǹkan sí sẹ́ńsọ̀. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni pé àwọn kan nínú wọn kò ní okùn tó ń wọ ihò OBD, ìyẹn ihò tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, tó wà lábẹ́ sítíárìn. Ọ̀pọ̀ Toyota wà tí kì í gba nọ́ńbà tuntun àfi láti ihò yẹn, nítorí náà irinṣẹ́ tí kò ní OBD yóò fi yín sílẹ̀ ní àárín iṣẹ́. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ fún àwọn oníbàárà, èmi kò ní gbà yín níyànjú láti ra èyí tí kò ní i, bó ti wù kí owó rẹ̀ dín tó. Ẹ tún béèrè ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ọdún mélòó ni àfikún ìmọ̀ ọkọ̀ tuntun yóò fi jẹ́ ọ̀fẹ́, àti pé irú sẹ́ńsọ̀ òfìfo wo ló lè kọ nǹkan sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ òfìfo kì í gbọ́ràn sí irinṣẹ́ ẹlòmíràn lẹ́nu, àfi ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má tíì sanwó. Ẹ tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú táyà kan, ẹ wakọ̀ yí ká fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá táyà yẹn gan-an ni ojú ìwòran ń tọ́ka sí, kì í ṣe èkejì rẹ̀ lódìkejì ọkọ̀.