Bọ́ọ̀sì dísù, ti gáàsì, ti bátìrì: èwo ni kí ẹ rà fún ìgboro Èkó?

Ti dísù ni ká fi ṣe òṣùwọ̀n, torí òun ni gbogbo wa mọ̀. Bọ́ọ̀sì tó gùn tó mítà 12 a máa jó bíi lítà 40 ní kìlómítà 100 nígboro. Lítà kan ń tú bíi kílò 2.7 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sílẹ̀, ìyẹn ju kílò kan lọ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Owó ìrà rẹ̀ ló kéré jù, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò lè tú u palẹ̀. Owó epo ni yóò gba èrè yẹn padà lọ́wọ́ yín.

Gáàsì CNG, èyí tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà, ni ìjọba àpapọ̀ ń polówó láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 2023. Fún agbára kan náà, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin kéré sí ti dísù. Àmọ́ ẹ́ńjìnì gáàsì kì í ṣọ́ epo lò tó ti dísù, nítorí náà apá kan èrè ọ̀hún ti lọ. Èyí tó ń jò láìjóná ló tilẹ̀ burú jù: láàárín 20 ọdún, mítéènì, tó pọ̀ jù nínú gáàsì yìí, ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tó lé ní 80 ju kábọ́ọ̀nù tí wọ́n jọ wọ̀n dọ́gba lọ. Bọ́ọ̀sì CNG tí páìpù rẹ̀ ń jò, ó sàn kí ẹ máa wa dísù yín lọ. Dáńfó tó ń lo pẹtiróòlù rọrùn láti yí sí gáàsì. Ẹ́ńjìnì dísù kò rí bẹ́ẹ̀, torí kò ní púlọ́ọ̀gì. Èyí tí wọ́n ṣe fún gáàsì láti ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ rà. Ẹ béèrè ìwé-ẹ̀rí sílíńdà, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà kankan fọwọ́ kàn án.

Ti bátìrì kì í tú èéfín rárá lójú pópó. Nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í jẹ iná bó bá dúró, àfi ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ẹ bá sì tẹ bíréèkì, iná ń padà sínú bátìrì. Kì í ṣe ohun àdánwò mọ́: Shenzhen ní Ṣáínà ti ní ju 16,000 lọ nígbà tí 2017 ń parí, LAMATA, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà ọkọ̀ l'Ékòó, àti ilé-iṣẹ́ Oando sì gbé e wá sí Èkó ní 2023.

Ṣùgbọ́n níbo ni iná yóò ti wá? Bọ́ọ̀sì náà ń jẹ bíi yúnìtì iná 1.3 ní kìlómítà kan. Lórí iná ìjọba, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ilé gáàsì, tí ìyókù sì ń wá láti àwọn ìsédò bíi Kàǹjì, Jẹ́bà àti Ṣíróró, èéfín rẹ̀ kéré dáadáa sí ti dísù. Lórí jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ńlá ń jó bíi lítà 0.3 fún yúnìtì kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: lítà 0.39 ní kìlómítà kan, iye kan náà tí bọ́ọ̀sì dísù ń jó. Ẹ kàn gbé èéfín kúrò ní títì wá sí ẹ̀yìnkùlé yín ni.

Owó ìrà ni ìdènà kejì. Ní Nairobi, ilé-iṣẹ́ BasiGo tó ń ta bọ́ọ̀sì bátìrì ya bátìrì sọ́tọ̀: ẹ ra bọ́ọ̀sì, ẹ máa san owó bátìrì bí ẹ bá ṣe rìn tó. Ẹ bi ẹni tó ń tà fún yín bóyá ó lè ṣe irú rẹ̀, kí ẹ sì bi í bí omi títì ṣe lè jìn tó kí ọkọ̀ náà tó kọ̀.

Ti háídírójìn? Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín l'Ékòó, kó kọ́kọ́ fi ibi tí ẹ ó ti máa rọ ọ́ hàn yín.

Tèmi ni pé bí gaárèjì yín bá wà lórí ìpele iná ìjọba tí wọ́n ń pè ní Band A, tí wákàtí 20 tí wọ́n ṣèlérí sì ń pé lóòótọ́, tí ojú ọ̀nà yín kò sì yí padà, ẹ ra ti bátìrì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí gáàsì, níwọ̀n ìgbà tí ilé gáàsì bá wà nítòsí. Dísù tuntun, ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn nìkan ni mo lè sọ pé kó rà á.