Kíláàsì Ọ̀rọ̀ Sísọ fún Àwọn Alukoro ní Adó-Èkìtì

Kíláàsì ọlọ́jọ́ méjì yìí tó owó rẹ̀, pàápàá nítorí ẹ̀kọ́ máíkì. Wọ́n ní kí máíkì jìnnà sí ẹnu ní ìwọ̀n ìkúùkù kan, kó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Bó bá dojú kọ ètè gan-an, "b" àti "p" á máa dún gbàù nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù á ka ìkéde ìṣẹ́jú kan, wọ́n á gbà á sórí fóònù, òun fúnra rẹ̀ á sì gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń hàn! Ẹni tó bá ń sáré sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, "ọkọ̀" á di "ọkọ", ìtumọ̀ á sì dàrú. Wọn kì í bú ẹni tó bá pe ilé ní "ulé", ó sì dùn mọ́ wa. Ara Èkìtì ló ń bá sọ̀rọ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń dá àwọn oníròyìn lóhùn. Ó kéré jù. Ibẹ̀ ni alukoro ti ń ṣubú jù: kò mọ ìdáhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, dípò kó sọ ohun tó dájú, kó sì dá àkókò tí yóò mú ìyókù wá.